Ẹ Pè Wá, Bí Ẹ Kò Tilẹ̀ Tíì Dé Òkè

Bíbélì kíkà: Kólósè 4:7-9; 1 Sámúẹ́lì 30:21-25

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n tí ẹ wà lọ́nà jíjìn, láti Sabon Gari, Kano, ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọyẹ́ ti dé sọ́dọ̀ wa níbí. Bí a bá nu àga ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, kí ìsìn tó parí, eruku ti tún bò ó. Àwọn tó dàgbà ní Yoruba Road tàbí Church Road láàárín yín yóò rántí bí ètè ṣe máa ń là lásìkò yìí, tí ìyá á sì máa lé ọmọ kiri pẹ̀lú agolo òrí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ lọ, ó sì kan àwa tí a wà nílé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín jù mí lọ. Tótó, ó ṣe bí òwe lẹ́nu ọmọdé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin.

Ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè tó kọjá, ẹni tó ń darí ètò ní kí gbogbo òbí tí ọmọ wọn wà lókè òkun bọ́ síwájú wá jó. Wọ́n jó dáadáa. Àwọn kan gbé fóònù sókè kí ọmọ wọn lè máa wò wọ́n láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston. Màmá kan jókòó ní ìlà kẹta, kò dìde. Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kánádà. Nígbà tí ìsìn parí, mo lọ bá a, mo ní, "Màmá, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?" Ó ní, "Ẹsẹ̀ kò dùn mí, ọmọ mi. Oṣù mẹ́jọ rèé tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ bọ́ síta jó lé lórí?"

Ó fún mi ní nọ́ńbà ọmọ náà, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ọjọ́ kẹta ló tó dáhùn, ní òru tiwa. Bùrọ̀dá yìí fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Kano kí ó tó lọ. Nísinsìnyí, ní ìlú kan ní Ontario, ó ń tọ́jú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré lórí yìnyín. Lóru, tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ, òun ló máa ń gbá abẹ́ àga, tó máa ń ṣa ike omi, tó máa ń fọ yàrá tí àwọn eléré ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó ní, "Sístà, ẹ má sọ fún màmá mi pé ilẹ̀ ni mò ń gbá. Ẹ kàn sọ fún un pé mo wà láàyè. Tí mo bá dé òkè, màá pè é fúnra mi."

Mo bi í léèrè pé níbo ni òkè yẹn wà. Kò dáhùn. Ó yí ọ̀rọ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa eré tí wọ́n ń ṣe nínú gbọ̀ngàn náà, àti nípa ọkùnrin kan tí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mẹ́nu bà nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni. Ó sọ ọ́ bí àwàdà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìtàn ọkùnrin yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ fi ṣe àṣàrò lónìí. Bùrọ̀dá náà ti gbà pé kí n kọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ òun.

Rumun Ndur ni orúkọ ọkùnrin tí mò ń wí. Ní 1975 ni wọ́n bí i ní Zaria. Zaria tiwa yìí ni o, tó wà lójú ọ̀nà Kaduna, tí ẹni tó bá wọkọ̀ ní Kano láàárọ̀ yóò ti dé kí oòrùn tó mú. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Àríwá tí àwọn bàbá wa wá ṣe àtìpó sí ni wọ́n ti bí òun náà. Kánádà ló dàgbà sí. Níbẹ̀ ló ti gbá họ́kì orí yìnyín, títí ó fi di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tí yóò gbá a nínú NHL, líìgì tó ga jù lọ nínú eré náà.

Fún àwọn tí kò mọ eré yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi náà. Ènìyàn mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí yìnyín, gólkípà wà lára wọn. Bàtà tí irin mímú wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Dípò bọ́ọ̀lù, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tó le ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbá. Eré náà yá tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kì í sábà lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ lórí yìnyín kí ó tó jáde lọ sinmi, kí ẹlòmíràn sì wọlé. Méjì nínú àwọn mẹ́fà náà máa ń jẹ́ difẹ́ńdà, iṣẹ́ tí Ndur sì ń ṣe nìyẹn. Difẹ́ńdà ló ń dúró sẹ́yìn, tó ń fi ara dí ọ̀nà, tó ń fi itan àti egungun ìhà gba rọ́bà náà nígbà tó bá ń bọ̀ bí òkò. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, góòlù kò ní wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí góòlù kò wọlé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lé èjìká.

Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ NHL máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1994, nígbà tí Ndur ń gbá fún Guelph Storm, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ontario, Buffalo Sabres yàn án. Ẹni 68 ni wọ́n ti yàn lọ́dún náà kí ó tó kàn án. Òun ni ẹni 69. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn.

Wọ́n yàn án lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì jẹ́ kí ó wọlé. Rochester Americans ló wà, ẹgbẹ́ líìgì kejì tí Buffalo ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí kí wọ́n lè gbó. Láti Rochester dé Buffalo, ọkọ̀ kì í rìn ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Ọ̀nà náà kò gùn tó Kano sí Zaria. Ẹ wá wo bí ó ṣe gùn fún un. Ní sáà 1996 sí 1997, eré méjì péré ló gbá fún Buffalo. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, eré kan ṣoṣo ni, nínú eré 82 tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá. Ní sáà 1998 sí 1999, ó gbá mẹ́jọ fún Buffalo, ó sì kọjá sí New York Rangers, ó gbá 31 níbẹ̀. Sáà yẹn ni Wayne Gretzky, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí irú rẹ̀ nínú eré náà, gbá kẹ́yìn. Rangers yẹn náà ló sì wà. Ní sáà 1999 sí 2000, Ndur wà ní Atlanta, nínú ẹgbẹ́ Thrashers tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré lọ́dún náà. Ó gbá 27. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbá nínú NHL mọ́.

Ẹ rò ó pọ̀: 2, 1, 8, 31, 27. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 69, nọ́ńbà kan náà tí wọ́n fi yàn án. Góòlù méjì ló jẹ nínú gbogbo rẹ̀. Ó ń bá eré náà lọ nínú àwọn líìgì tó kéré sí i, ó sì sọdá òkun lọ gbá a ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Nottingham àti ní Coventry.

Bùrọ̀dá wa sọ pé, "Sístà, ẹyọ kan ṣoṣo nínú odindi sáà! Tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní lè wo ojú ẹnikẹ́ni ní Kano mọ́." Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni mo tó mọ irú òṣùwọ̀n tó fi ń wọn ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánádà mọ ẹlòmíràn tó wà nínú NHL ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn bí ẹní mowó: Jarome Iginla. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, láti Nàìjíríà ló ti lọ; Adékúnlé sì wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Orúkọ ìdílé wọn kò nílò ògbufọ̀ láàárín wa. Igi ńlá ni, igi ńlá ló sì jẹ́ lóòótọ́: eré 1,554, góòlù 625, wúrà Olympic ní 2002 àti ní 2010, wọ́n sì yàn án ní 2020 sínú ilé ọlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn akọni eré náà sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Bí ìyá Iginla bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni màá kọ́kọ́ bá a jó.

Èrò mi ni pé àwa tí a wà nílé ti sọ Iginla di òṣùwọ̀n fún gbogbo yín. Ní ọjọ́ tí a gbàdúrà fún yín níwájú ìjọ kí ẹ tó lọ, igi ńlá ni ojú wa ń retí. Bí ẹ bá pe ilé, kí a tó béèrè bóyá ẹ sùn, a ti béèrè ìgbà tí ẹ máa kọ́lé. Bí ẹnìkan bá gba ìwé ìgbélùú tàbí tí ó ra ilé, a ń pè é síta kí ó wá jẹ́rìí. Ẹni tí wọ́n dá padà sí Rochester, a kò ní àyè fún un nínú ètò ìsìn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni a máa ń sọ pé òkè òkun ti gbé e lọ, pé ó ti gbàgbé ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ará, kò gbàgbé ìyá rẹ̀ o. Ojú ń tì í láti sọ fún wa pé ẹyọ kan ṣoṣo ni òun gbá lọ́dún yìí.

Igi kan kì í dágbó ṣe. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá jẹ́ Iginla, ta ni yóò dúró sẹ́yìn? Àwọn tó mọ eré náà kò fi ojú yẹpẹrẹ wo Rochester pàápàá. Ní 1996, ẹgbẹ́ náà gba ife ẹ̀yẹ Calder, èyí tó tóbi jù lọ nínú líìgì kejì, Ndur sì wà nínú wọn. Ibi tí ẹnìkan ń pè ní ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ gbé ife sókè.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ibi tí àwa fúnra wa ti wá. Nígbà tí ojú irin dé Kano ní 1911, kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Gúúsù. Sabon Gari ni wọ́n pè é, ìlú tuntun ní èdè Hausa. Àwọn bàbá wa bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ẹní àti àpótí páànù: akọ̀wé réluwé, káfíńtà, agbẹ́rù, oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà. Ọ̀gá réluwé kì í béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó wù wọ́n kí ó tó gbé wọn láti ibùdó kan sí òmíràn. Ọdún yìí Zaria, ọdún tó ń bọ̀ Gusau, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún dá wọn padà sí Kano. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò di ọ̀gá rí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ibi tí wọ́n bá gbé wọn lọ, wọ́n á wá ẹni méjì mẹ́ta tó ń gbàdúrà ní Yorùbá, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á kọrin. Irú wọn ló pilẹ̀ ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Àríwá yìí. Bí a bá fi òṣùwọ̀n tí à ń lò lónìí wọn wọ́n, a kò ní pe ẹyọ kan nínú wọn síta láti jẹ́rìí.

Nínú Májẹ̀mú Tuntun, ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ràn láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìsìn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tikiku ni. Ìgbà márùn-ún ni orúkọ rẹ̀ jáde, kò sì sí ìwàásù rẹ̀ kan tí wọ́n kọ sílẹ̀, kò sí iṣẹ́ ìyanu kan. Nínú Ìṣe Àpọ́sítélì 20, ó wà lára àwọn tó bá Pọ́ọ̀lù rìn. Nínú Éfésù 6 àti Kólósè 4, wọ́n rán an níṣẹ́. Nínú 2 Tímótì 4, wọ́n ti tún rán an lọ sí Éfésù. Èyí tó ń wọ̀ mí lára jù ni Títù 3:12. Pọ́ọ̀lù sọ fún Títù níbẹ̀ pé òun yóò rán Artema tàbí Tikiku wá. "Tàbí" ni o! Ó dà bí ìgbà tí kóòṣì ń wo bẹ́ǹṣì, tí kò tíì mú ẹni tí yóò wọlé. A kò gbọ́ pé Tikiku bínú pé wọ́n fi "tàbí" sí orúkọ òun. Ohun tí a gbọ́ ni pé Pọ́ọ̀lù pè é ní arákùnrin olùfẹ́ àti olóòótọ́ ìránṣẹ́.

Ẹ tún wo iṣẹ́ tí wọ́n rán an sí àwọn ará Kólósè. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà náà. Òun náà ì bá ti sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n jáde ná. Bí mo bá dé òkè, màá kọ̀wé sí wọn." Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti inú ẹ̀wọ̀n ló ti rán Tikiku pé kí ó lọ ròyìn gbogbo bí nǹkan ti rí fún òun, kí ọkàn àwọn ará lè rí ìtùnú. Ìròyìn tó ti ẹnu ẹni tí a dè wá ni yóò tu ọkàn àwọn tó wà nílé nínú. Mo ti ka ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó rí i bẹ́ẹ̀, màmá tó jókòó ní ìlà kẹta ló sì là mí lójú.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Arábìnrin, ṣé ẹ fẹ́ kí a fi ọwọ́ lẹ́rán ni? Ṣé kí a má lépa ohun tó dára mọ́?" Rárá o. Ẹni tí wọ́n bá pè láti Rochester gbọ́dọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀, kí bàtà rẹ̀ mú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ eré kan ṣoṣo ni yóò gbá. Bí ẹ bá ní ìdánwò tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ lè padà sí iṣẹ́ tí ẹ kọ́, ẹ ṣe é, à ń gbàdúrà fún yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má fi ara pamọ́ fún wa títí ẹ óò fi yege.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọkùnrin tí mo mú wá yìí jà púpọ̀. Òótọ́ ni. Nínú eré yìí, ẹni tó bá ṣẹ̀ máa ń lọ jókòó sí ìta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìṣẹ́jú 137 ni àkọsílẹ̀ Ndur nínú NHL, ìjà sì wà nínú iṣẹ́ irú difẹ́ńdà bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ́ ìyẹn. Ohun tí mo ní kí a kọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n pè é, ó lọ, wọ́n dá a padà, ó tún ṣiṣẹ́.

Mo sì gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, nítorí àwọn kan nínú yín ń jẹ ìyà tí kò yẹ kí wọ́n máa jẹ. Akim Aliu, tí wọ́n bí ní Okene ní 1989, gbá họ́kì fún ẹgbẹ́ tó pọ̀ kọjá kíkà láàárín Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Eré méje péré ló gbá nínú NHL, fún Calgary. Ní 2019, ó sọ fún gbogbo ayé pé kóòṣì kan fi àwọ̀ òun bú òun ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí òun wà ní líìgì kejì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, kóòṣì náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá gba ipò kékeré, ìyẹn kò ní kí ẹ gba èébú mọ́ ọn. Bí ọ̀gá yín bá ń fi ìyà jẹ yín, ẹ sọ fún ẹni tó lè gbà yín sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wa. Ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún ilé yóò fi ìyà rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú, ewu ńlá sì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa tí a wà nílé. Nínú 1 Sámúẹ́lì 30, Dáfídì kó ẹgbẹ̀ta ọkùnrin lọ lépa àwọn Ámálékì. Nígbà tí wọ́n dé odò Bésórì, igba nínú wọn kò lè lọ mọ́, ó ti rẹ̀ wọ́n jù, wọ́n sì dúró ti ẹrù. Àwọn irinwó yòókù lọ, wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n kó ìkógun bọ̀. Àwọn kan nínú wọn ní àwọn kò ní fún àwọn tó dúró ní nǹkan kan. Dáfídì kọ̀. Ó pàṣẹ pé ìpín ẹni tó lọ sójú ogun àti ìpín ẹni tó ṣọ́ ẹrù gbọ́dọ̀ dọ́gba, ó sì sọ ọ́ di òfin ní Ísírẹ́lì. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé Dáfídì kò bá àwọn igba náà wí nítorí àárẹ̀ wọn. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó kí wọn ni.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú ìgbìmọ̀ Ìkórè ìjọ tí mò ń sìn. Mo bẹ̀ wọ́n pé lọ́dún tó ń bọ̀, kí a má pe àwọn òbí síta nítorí ohun tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́. Kí a ka orúkọ gbogbo ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ àti ẹni tí kò fi ránṣẹ́, kí òbí gbogbo wọn dìde, kí a gbàdúrà fún wọn, kí a tó lu ìlù. Wọn kò tíì fún mi lésì. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i.

Ẹ̀yin tí nǹkan ti ṣẹnuure fún, mo bẹ̀ yín: ẹ wá àwọn tó ń gbá ẹyọ kan lọ́dún kàn nínú ìlú tí ẹ wà. Ẹ mọ ìjọ tí wọ́n ń jókòó sí lẹ́yìn, ẹ mọ ìgbà tí wọ́n ṣíwọ́ wíwá. Ẹ pè wọ́n wá jẹun, kí ẹ má bi wọ́n léèrè ìwé ìgbélùú kí ọbẹ̀ tó délẹ̀.

Ẹ̀yin tí nǹkan kò tíì rọgbọ fún, ẹ pe ilé. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe gan-an. Bí ẹ bá ń fọ ara fún àgbàlagbà, ẹ wí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù lóru, ẹ wí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ ni, Olúwa wa náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ ènìyàn. Bí màmá bá sunkún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sun ún. Ẹkún ẹni tó gbọ́ òótọ́ sàn ju ẹkún ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ wà láàyè.

Mo ṣe bí bùrọ̀dá ṣe wí. Mo sọ fún màmá pé ọmọ rẹ̀ wà láàyè, n kò sì sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Màmá kò tilẹ̀ béèrè iṣẹ́. Ó bi mí pé, "Ṣé ó ní ẹ̀wù òtútù tó nípọn?" N kò mọ èsì tí màá fún un. Bí iná kò bá sí ládùúgbò wọn, ó máa ń gbé fóònù rẹ̀ lọ gba ṣáájì ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀mísì, kí ó má bàa kú nígbà tí ọmọ bá pè. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

Bùrọ̀dá, mo mọ̀ pé ẹ ń ka èyí. Kò pè mí láti sọ pé ẹ ti pe òun. Ẹ jọ̀wọ́.

Àdúrà: Baba wa ọ̀run, Ìwọ tí ó mọ gbogbo ibi tí àwọn ọmọ rẹ fọ́n ká sí, bo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Gbé ìtìjú kúrò lójú àwọn tí wọ́n dá padà sẹ́yìn. Dárí jì wá, àwa tí a fi ohun tí wọ́n rí gbà wọn àwọn ènìyàn rẹ. Kọ́ wa láti kí ara wa bí Dáfídì ṣe kí àwọn tó ṣọ́ ẹrù. Jẹ́ kí fóònù màmá yìí dún. Ní orúkọ Jésù. Àmín.